Bí Mo Ṣe Kọ́ Ìyá Àgbà ní Yorùbá

Òórùn ẹja tó ń jóná ló gba àgbàlá wa kan ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni mo sì fà á. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, nawọ́ sókè, ó ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun lọ yí ẹja òun padà lórí ààrò. Mo ní kò tíì tó àkókò bíréèkì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.

Obìnrin kan ló ń bọ̀ láti yunifásítì lọ́jọ́ kejì, tó fẹ́ gba ohùn àwọn àgbà ìlú sílẹ̀ sínú rẹ́kọ́dà. Èmi tí mo gba ipò kìíní nínú iṣẹ́ Yorùbá ní kíláàsì wa mọ̀ pé bí Ìyá Àgbà bá la ẹnu Ẹ̀pẹ́ rẹ̀ yẹn níwájú ọ̀mọ̀wé, ojú á tì wá pa. Ni mo bá fi í jókòó sórí àpótí, mo ní kó káwọ́ mọ́yà, mo mú rúlà dání. Obìnrin tí gbogbo Ọjà Olúwo ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ wá ń tún Yorùbá inú ìwé sọ tẹ̀lé mi bí ọmọ jẹ́léósinmi. Kò bínú. Ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó kàn ń yọjú wo èéfín ni.

Nígbà tí àlejò dé, ó ní kí Ìyá Àgbà sọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja. Ìyá Àgbà wúkọ́ díẹ̀, ó sì kí àwọn olùgbọ́ níbi gbogbo tí wọ́n wà. Lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà. Ní àkótán. Akéde rédíò kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin náà wò ó títí, ó wá rọra béèrè pé, "Màmá, ṣé báyìí lẹ ṣe ń bá àwọn ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀ lọ́jà?"

Ìyá Àgbà wojú mi. Mo ṣẹ́jú sí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọmọ ìwé ni gbogbo wa níbí."

Kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí láyé rẹ̀. Obìnrin náà dúpẹ́, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé mo fún Ìyá Àgbà ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Lónìí, èmi náà ti di olùkọ́ ní yunifásítì. Ẹ̀ka-èdè Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú ni mo sì ń ṣèwádìí lé lórí, ẹ wo ayé. Mo ń bẹ àwọn àgbà kiri pé kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Wọ́n á kọ́kọ́ wojú ọmọọmọ wọn ná. Gbogbo nǹkan ló dá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn lójú. Èmi àgbà ni nǹkan ò dá lójú mọ́.

Ìyá Àgbà ti kú. Lọ́dún tó kọjá ni mo tó rí téèpù rẹ̀ gbà, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohùn rẹ̀ ni lóòótọ́. Mo jókòó, mò ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Tèmi ni gbogbo rẹ̀.