Ọjọ́ Tí Mo Ṣọ́ Ìyàwó Mi Dé Oko Ìfọ́n

Kí ẹ tó máa dá ìyàwó mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀. Obìnrin náà bá mi sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́, mo wá ń ṣọ́ ọ kiri bí ẹni ń ṣọ́ olè. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Ìlobù là ń gbé, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà. Lọ́dún yẹn, a gba iṣẹ́ àga ilé-ìwé. Iṣẹ́ náà pọ̀ débi pé mo máa ń jáde kí Wálé ọmọ wa tó jí, ọjọ́ Sọ́ńdè pàápàá! Tí mo bá délé, màá tún máa ya àwòrán àga sórí pépà. Mojí ìyàwó mi á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa dáhùn pé ẹn, ẹn, mo ti gbọ́. Ta ló gbọ́ nǹkan kan?

Ọmọ Ìfọ́n ni Mojí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò jẹ́ kí ìlú méjèèjì fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín síra wọn. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ọjọ́ kan ni mo bá ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin lórí okùn tí a ń sáṣọ sí. Kì í ṣe tèmi! Mo bi í. Ó ní ti bàbá òun ni. Bàbá ẹ̀ kẹ̀? Kí ni ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ẹ̀ ń wá nílé mi?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fojú sílẹ̀. Mo rí i pé tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí i pé ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pamọ́ fún mi. Kí ló tún wá dé tó ń kọrin nídìí ààrò? Ta ni inú ẹ̀ ń dùn sí? Kódà orin yẹn, mo fura sí i!

Lásísì, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ló wá da epo síná. Ó ní òun rí Mojí lọ́nà Ìfọ́n pẹ̀lú Múfú.

"Múfú wo?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Múfú tó ń dẹnu kọ ọ́ kí o tó gbé e níyàwó ni! Ọmọ Ìfọ́n lo lọ fẹ́, o wá rò pé ọmọ Ìfọ́n ẹgbẹ́ ẹ̀ á kàn máa wò ọ́ níran?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Mo pinnu pé tí mo bá ká wọn mọ́, màá kó ẹrù ẹ̀ padà fún bàbá ẹ̀, ó parí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, mo purọ́ fún ọ̀gá mi pé ibà ń ṣe mí. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilé aládùúgbò wa títí Mojí fi pọn ọmọ, tó gbé abọ́ oúnjẹ rù, tó jáde. Mo ń tẹ̀lé e lókèèrè. Ní ìpẹ̀kun Ìfọ́n, níbi tí ọ̀nà oko ti yà, ọkùnrin kan ń dúró dè é. Múfú ni! Wọ́n kíra, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mojí sọ abọ́ kalẹ̀, ó ṣí i hàn án. Ọ̀lẹ̀ ni! Ọ̀lẹ̀ tí mi ò rí jẹ nílé ara mi láti ọdún Àjíǹde!

Wọ́n wọ oko. Mo gba inú igbó tẹ̀lé wọn. Yèrèpè ń jẹ mí lára, mi ò bìkítà. Nígbà tí mo fi máa yọ sí wọn, Mojí ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lé aṣọ ẹ̀, Múfú sì dúró tì í. Mo sáré sí i, mo di ọrùn ẹ̀wù ẹ̀ mú.

"Olè! Aláìnítìjú! Ìyàwó oníyàwó lo ń jẹ ọ̀lẹ̀ ẹ̀ nínú igbó!"

Mojí figbe ta. Ohùn kan wá láti abẹ́ igi kajú: "Àna mi, ṣé èmi lo wá kí báyìí?"

Bàbá Mojí ni! Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n fi aṣọ wé ẹsẹ̀ wọn kan, ó wú rọ̀bọ̀tọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín ebè.

Kùkùté ló gún wọn lẹ́sẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Koríko ti bo iṣu wọn. Nílẹ̀ wa, ta là ń retí nírú àsìkò bẹ́ẹ̀? Ṣebí ọkọ ọmọ ni! Òun ló yẹ kó kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n fi ọ̀wẹ̀ ro oko fún àna ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fẹnu mi ṣèlérí ẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń tọrọ ọmọ wọn. Wọ́n retí mi, wọn ò rí mi. Ni Mojí bá gbé ọkọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ẹ̀ nítorí yèrèpè. Múfú rí i níbi tó ti ń làágùn tòun tọmọ lẹ́yìn, àánú ṣe é, ó bá a dá sí i.

Mo bi Mojí pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún yín, Bàbá Wálé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní ẹ ti gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ tiẹ̀ ní kí n sún, mò ń dí iná mọ́ yín lójú."

Múfú tún ọrùn ẹ̀wù ẹ̀ ṣe. Kò bú mi o. Ó fi ọkọ́ lé mi lọ́wọ́. "Àna wa, ẹ kú ìrìn. Poro mẹ́jọ ló kù." Ó mú àdá ẹ̀, ó lọ. Kò fọwọ́ kan ọ̀lẹ̀ yẹn.

Mo ro ó. Ọwọ́ mi bó. Mojí ń ro poro tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó tó oṣù kan kó tó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹ̀yin ọkọ bíi tèmi, ìdajì etí tí mo fi ń gbọ́ ti Lásísì, ká ní mo fi gbọ́ ti ìyàwó mi ni, mi ò ní wọgbó. Iṣẹ́ kì í tán. Ní báyìí, tí Mojí bá ti lanu, màá ju pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe ẹ̀yin náà rí? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí a jọ gbọ́n.

Mo ti bẹ Bàbá. Mo ti bẹ Mojí. Múfú ló kù. Mo pè é lólè lójú àgbà. Ó ti lé lọ́dún kan, síbẹ̀ tí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ṣe ni mo máa ń yà sọ́nà mìíràn. Mojí ní kí n lọ bá a nílé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Mi ò tíì lọ.