Fèrèsé Onípákó Inú Fóònù Mi

Òórùn gbodo, iṣu gbígbẹ tí à ń fi ṣe àmàlà, ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ nílé wa ní Ìlọrá. Inú yàrá tí à ń sùn ni Màmá ń kó apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí nígbà ọyẹ́, kí ìrì má baà bà á jẹ́. Lẹ́yìn òórùn yẹn ló kan fèrèsé onípákó. Irin tó gbé e dúró ti dípẹtà, a máa han bí wọ́n bá ti ń ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé tẹ́ẹ́rẹ́, á wá gbòòrò títí dé orí ẹní wa. Nígbà náà ni Màmá á ki ẹ̀gbọ́n mi Àkànní, kó tó kàn mí.

“Àbẹ̀kẹ́, ọmọ aroko-bọ́-àlejò. Àbẹ̀kẹ́ mi, dìde, ilẹ̀ ti mọ́ bá ọ.”

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń jẹ́ ẹ. Ẹni tí wọn ò tí ì kì nínú wa kì í bọ́jú, kì í sì í mu ẹ̀kọ. Màmá a máa sọ pé, “Bí a bá ṣe jí ọmọ ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń rìn.”

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọlé sí girama, ọyẹ́ ti gba ohùn lọ́fun Màmá. Fèrèsé han, ìmọ́lẹ̀ wọlé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo lajú sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Àkànní ti wẹ̀, ó ti wọ ṣòkòtò.

“Ọmọ ọba! Ṣé kàkàkí la máa fun kó o tó dìde ni? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń lọ o.”

Mo ní wọn ò tí ì pè mí. Ó dá mi lójú pé bí mo bá dìde bẹ́ẹ̀, màá fìdí rẹmi. Màmá gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbẹ́nu lé mi létí, ó sì fi èémí lásán kì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń sọ àṣírí. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́ ẹ, mo sáré lọ. Mo yege.

Ohùn Màmá padà nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ní báyìí tó ti darúgbó, ó tún ń lọ díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ní kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n kò ní gbọ́ ìpè yẹn mọ́. Ìyẹn ni mo ń rò nígbà tí ọmọbìnrin mi, Bọ́lá, tó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe fóònù ní Awẹ́, sọ pé òun lè yí ohùn àti àwòrán tí fóònù mi máa ń gbé jáde tí mo bá tàn án padà. Ó ní àwọn tó ṣe é ti ti ibẹ̀ pa. Àfi kí òun rúùtù rẹ̀, kí òun gba àṣẹ inú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

“Ṣùgbọ́n ó lè kú pátápátá o, Mọ́mì.”

Mo ní kó ṣe é.

Màmá wò wá tìyanutìyanu. “Ṣé fóònù náà ń sùn ni, tẹ́ ẹ fi fẹ́ kí n jí i?” Síbẹ̀, ó kì mí sínú fóònù Bọ́lá. Ohùn rẹ̀ há, ó ń já lágbedeméjì. Ó ní kí Bọ́lá pa á rẹ́, mo ní kó fi í sílẹ̀. Bọ́lá wá ya fèrèsé onípákó kan tó ń ṣí, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé.

Nígbà tó parí iṣẹ́, ojú fóònù mi dúdú, ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gba kámú nígbà tí fèrèsé kékeré náà ṣí.

“Àbẹ̀kẹ́, ọmọ aroko-bọ́-àlejò…”

Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Màmá bú sẹ́rìn-ín lórí àga. “Èmi tí mo bí ọ jókòó síbí, fóònù lò ń kúnlẹ̀ fún!”

Ọmọ ọjọ́sí ò lè dìde àfi tí wọ́n bá pè é. Èmi tòní ń jí ṣáájú àkùkọ, èmi ni mo ń jí ará ilé, Ìyá Bọ́lá sì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi kì í pa fóònù wọn. Èmi máa ń pa tèmi kí n tó sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá jókòó sétí ibùsùn, màá tàn án, n ò sì ní dìde títí wọ́n á fi pè mí.