Bàtà Mùtíátù ní Delft

Lọ́dún 1988, Mùtíátù, ọmọ Ìlọrin tó ń ránṣọ ní Levenshulme, àdúgbò kan ní Manchester, bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi lọ wo Delft, ìlú àtijọ́ kan ní Holland. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò fojú ba oorun lọ́nà.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó rí bàtà onígi tí wọ́n tò bẹẹrẹ, bíi ti mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Háà, àwọn wọ̀nyí mọ ẹ̀tọ́!"

Ló bá bọ́ tirẹ̀ tì í. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ wọlé, ó wo àwo aláràbarà títí, ẹnu rẹ̀ ò padé.

Ìgbà tó jáde, òyìnbó kan ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà Mùtíátù, ó ń bi ọkùnrin tó ń ta bàtà onígi pé èló ni.

Mùtíátù figbe ta: "Ẹ bọ́ ọ o! Èmi ò pàtẹ, ilé onílé ni mo fẹ́ wọ̀ tí mo fi bọ́ ọ!"