Kọ̀ǹpútà Inú Yàrá Ìyá

Ọjọ́ tí mo gbé kọ̀ǹpútà wọ Òkìtìpupa, orí itan mi ni ojú rẹ̀ wà láti Èkó títí a fi dé ibùdókọ̀. Awakọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun tì í sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín àwọn àpò ìrẹsì, mo ní rárá. Mo mọ irú kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà. Àpótí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì ti fi aṣọ àti tìmùtìmù di sikánà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sínú àpò ńlá méjì. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, àwọ̀ wọn sì ti pọ́n bí eyín àgbàlagbà tó ń jẹ obì. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá tẹlifíṣọ̀n ni mo rà. Mo sọ fún un pé irinṣẹ́ mi ni.

Ayafótò ni mí. Ìlú Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó fẹ́ ọkọ mi, ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí ìjọba gbé e lọ sí ilé-ìwé kan nítòsí ìlú rẹ̀, mo bá a lọ, a sì ń gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ́nà Àyèká, èmi, òun àti ìyá rẹ̀. Bàbá ti kú kí n tó wọ ilé náà. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà, mo ń ya ìgbéyàwó, mo ń ya ìṣílé, mo ń ya àwọn ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtúnṣe ni mo fẹ́ràn jù. Mo mọ bí wọ́n ti ń fi pẹ́ńsùlù ṣóńṣó pa ojú àpá rẹ́ lára fíìmù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ọwọ́ mi kì í sì í gbọ̀n. Àwọn ayafótò mìíràn láti Ìrèlè a máa kó fíìmù tiwọn wá fún mi, wọn kì í sì í fi pamọ́ pé èmi ni mo tún un ṣe.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kó lọ sí Èkó nígbà náà. Mo lọ kí i lẹ́yìn ọdún Kérésì kan, nígbà tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tó ń bọ̀, ó sì pè mí sí yàrá kan kí n wá wo nǹkan. Ó gbé fótò kan tó ti ya sórí sikánà. Kò pẹ́ tí fótò náà fi yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá mi bu àwọ̀ díẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó fi dí ibi tó ya ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Mo wò ó títí, mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde kí n jókòó. Kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti yọ àbàwọ́n kan kúrò lára aṣọ ọmọdé. Ó yé mi pé iṣẹ́ tí mo ń fi pẹ́ńsùlù ṣe náà ni. Ẹni tó mọ ojú ènìyàn ló ń ṣe é, ẹ̀rọ kàn ń bá a mú un yá ni. Èsúsú tí mo kó lọ́dún náà ni mo fi ra tèmi.

Ibi tí a máa gbé e sí ló kù. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ṣeé lò, torí ojú títì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ sí, eruku sì ń wọlé láti àárọ̀ dé alẹ́. Pálọ̀ ilé wa jẹ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Ọkọ mi ní kí a gbé e sí yàrá wa, mo ní n kò lè máa sùn ti iṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ló dára nínú ilé náà, yàrá ẹ̀yìn tí ìyá ọkọ mi ń kó agbọ̀n, àpò àti kẹ́ẹ̀gì epo sí. Oòrùn ọ̀sán kì í dé ibẹ̀, ògiri rẹ̀ sì nípọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ilé ẹ̀fín tí Ìyá ti ń ṣe púpurú.

Ẹni tó bá mọ púpurú yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọ, wọ́n á sì tò ó sórí àjà lókè iná kí ẹ̀fín gbẹ ẹ́. Iná náà kì í jó wìì, ṣe ló máa ń rú, ó sì ń rú láti òwúrọ̀. Iṣẹ́ yẹn ni Ìyá fi rán ọkọ mi níwèé. N kò lè sọ fún un pé kó dá a dúró.

Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó bi mí ohun tí ẹ̀fín lè ṣe sí àpótí lásán. Mo gbé ojú gíláàsì kámẹ́rà mi kan lọ sí fèrèsé yẹn, mo fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì wá fi ìka mi nù ún níwájú rẹ̀. Ìka mi dúdú. Ìyá wo ìka náà, ó wo gíláàsì, ó ní òun ti gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ariwo igi ló jí mi. Ìyá àti àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ ń tú ilé ẹ̀fín palẹ̀, wọ́n ń kó òpó rẹ̀ lọ sí òdìkejì kànga, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa gbé ẹ̀fín lọ sínú igbó. Mo sáré jáde láti dá wọn dúró, ó juwọ́ sí mi pé kí n fi wọ́n sílẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó, ilé ẹ̀fín ṣeé ṣí nípò. Yàrá kò ṣeé ṣí nípò.”

Èdè Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, n kò nílò kí ọkọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá náà ṣe nìyẹn. Mo fọ ògiri rẹ̀, mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn ún. Akunlé fẹ́ fi àwọ̀ ewé kùn ún, ó ní ó tura lójú. Mo sọ fún un pé ògiri aláwọ̀ ewé yóò tan ojú mi jẹ, pé èmi yóò rò pé ojú oníbàárà ló pọ́n. Ọkọ mi ní yàrá náà dà bí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, mo ní bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Mo ta aṣọ tó nípọn sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ inú yàrá má baà máa yí padà bí oòrùn ṣe ń rìn. Káfíńtà kan tí mo bẹ̀ lọ́wẹ̀ kan tábìlì gbọọrọ tí kì í mì, ó dá ihò sẹ́yìn rẹ̀ fún wáyà. Oníná ri irin gígùn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn yàrá, ó so wáyà kan mọ́ ọn nítorí àrá. Ó tún fi ẹ̀rọ kan sáàárín ògiri àti kọ̀ǹpútà, tí yóò máa mú iná tó bá ga jù wálẹ̀, àti bátìrì kan tí yóò gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ lójijì, kí n lè ráyè pa á. Síbẹ̀, bí mo bá ti rí i pé òjò ṣú lápá Erinje, èmi fúnra mi ni mo ń yọ wáyà lára ògiri. N kò fi ìyẹn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọkọ mi fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà náà tẹ ìbéèrè ìdánwò. Mo sọ fún un pé fótò nìkan ni mo rà á fún, pé ọjọ́ tí a bá ti ń ṣe gbogbo nǹkan lórí rẹ̀ ni kò ní ṣe ọ̀kan dáadáa mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú pépà rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní ọjà.

Fótò àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ jáde láti fi dán ẹ̀rọ wò, ojú ìyàwó tuntun ni. Lójú kọ̀ǹpútà ó ń dán, lórí pépà ó pọ́n bí ilẹ̀ ọ̀nà oko. Ẹ̀rù kò bà mí. Nínú iṣẹ́ tí mo ti kọ́, mo mọ̀ pé bí ojú méjì kò bá rí ohun kan náà, ọ̀kan nínú wọn ló ń parọ́. Mo mú fótò kan tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ láyé pẹ́ńsùlù, èyí tí mo mọ gbogbo àwọ̀ rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Mo ń yí bọ́tìnì, mo ń tẹ̀, mo ń wò, mo tún ń yí i. Pépà bàjẹ́ púpọ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì wá jọ ara wọn, mo fa ìlà sára bọ́tìnì náà, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò bá mi sọ ọ́.

Ìyá ni oníbàárà mi àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ náà. Ó mú fótò kan ṣoṣo tí Bàbá yà láyé rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n yà nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó dúró ti kẹ̀kẹ́. Fótò náà ti sán kọjá níwájú orí Bàbá, ọ̀rinrin sì ti jẹ èjìká òsì. Ìyá ní kí n bá òun pa ojú ọgbẹ́ iwájú orí yẹn dé. Mo ṣe é. Mo tún èjìká náà mọ láti ara èjìká ọ̀tún. Nígbà tí mo parí, mo wá rò pé kí n fi ẹ̀bùn kún un. Ìyá ní fótò tirẹ̀ kan tí wọ́n yà ní àsìkò yẹn kan náà, ó dá jókòó lórí àga. Mo gbé Bàbá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, mo gbé e dúró lẹ́yìn àga Ìyá, mo mú kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí wọn lójú láti ọ̀nà kan náà. Ẹni tó bá wò ó yóò búra pé inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n wà. Ọkọ mi wò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni mo gbé e fún Ìyá. Ó wọ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, “Ta ni èyí?”

Mo ní, “Bàbá ni, Màámi.”

“Mo mọ̀ pé òun ni. Ta ló dúró tì?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

Ó gbé fótò náà lé itan. Ó sọ fún mi pé lọ́dún tí wọ́n ya fótò òun yẹn, inú igbó gẹdú ni Bàbá wà, lọ́hùn-ún lápá ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbé gẹdú lọ. Ó ti pẹ́ tó ti wálé kẹ́yìn. Òun fúnra òun ló rìn lọ bá ayafótò, kó lè ya òun kí òun fi í ránṣẹ́ sí i, kó má baà gbàgbé ojú òun. Bàbá náà lọ ya tirẹ̀ lọ́hùn-ún, ó fi í ránṣẹ́ padà.

Ó wá ní, “Òun ni mo ń wò nígbà tí wọ́n ń yà mí. Bí o bá gbé e sẹ́yìn mi, ta ni mo ń wò?”

Mo padà sí yàrá, mo tẹ fótò méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìwọ̀n kan náà, Bàbá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Ìyá lórí àga rẹ̀. Ìyá gbé wọn kọ́ sí yàrá rẹ̀, ọ̀kan lára ògiri kan, èkejì lára ògiri tó dojú kọ ọ́. Bí o bá dúró láàárín yàrá náà, àárín ojú àwọn méjèèjì tó ń wo ara wọn lo dúró sí. Láti ọjọ́ náà, mo mọ ohun tí mo lè ṣe, mo sì mọ ohun tí n kò ní ṣe. Mo máa ń di ohun tó ya. N kò ní gbé ẹnikẹ́ni síbi tí kò dé.

Òkìkí yàrá náà kàn. Ọkùnrin kan wá láti Àjàgbà, kọngílá tó ń kọ́lé. Bàbá rẹ̀ kú, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ó sì mú fótò ìdílé kan wá tí igun rẹ̀ ti fàya. Bàbá náà jókòó láàárín, àwọn ọmọ yí i ká. Ọkùnrin náà fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí obìnrin mìíràn bí fún bàbá rẹ̀, ó ní kí n yọ ọ́ kúrò kí n sì fi ewéko dí ibẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ní kí wọ́n bá òun gé etí aṣọ.

Mo sọ fún un pé n kò ní ṣe é.

Ó ní, “Ṣé ẹ̀rọ yín kò lè ṣe é ni?”

“Ó lè ṣe é, sà. Èmi ni n kò ní ṣe é.”

Ó rò pé ọ̀rọ̀ owó ni, ó ń fi kún un. Mo fi hàn án pé ọwọ́ bàbá wọn wà ní èjìká ẹni tó ní kí n yọ. Mo bi í pé bí mo bá yọ ọmọ náà, orí kí ni ọwọ́ Bàbá yóò wà. Ó gba fótò rẹ̀, ó lọ láìdágbére. Ọkọ mi ní mo ti lé olówó lọ. Mo ní kó jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò dùn mí, nítorí iṣẹ́ ńlá ni ì bá jẹ́, ìnkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ti ń tán.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, obìnrin àgbàlagbà kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ti fi gèlè rẹ̀ bo imú nítorí eruku. Ẹ̀gbọ́n kọngílá náà ni, fótò kan náà ló sì mú dání. Ó ní àbúrò òun fi ìbínú ròyìn níwájú ẹbí ohun tí obìnrin Òkìtìpupa sọ, bóyá kí wọ́n lè bá a bú mi. Àgbà kan nínú wọn wá ní kó tún ọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ Bàbá yẹn sọ. Nígbà tó tún un sọ, wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n sì gba fótò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ọmọ ni yóò wà níbẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò sì gba ẹ̀dà tirẹ̀.

Mo gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo ṣe ń rán igun tó fàya náà pọ̀, ó ń sọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó di nọ́ọ̀sì, èyí tó ń dáko ní Erinje, èyí tó ti ṣaláìsí. Nígbà tó kan ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ní kí n yọ, ó fi ìka kàn án. Ẹ̀ka igi kan yọ sórí ibi tí ọmọ náà dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá wọn lọ́jọ́ náà, òjìji ti bo ojú rẹ̀, ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ dá a mọ̀.

Ó bi mí bóyá mo lè mú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wá sójú rẹ̀.

Mo ní, “Ìyẹn rọrùn, mà.”

Mo fa máòsì, mo ṣí òjìji náà kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà dán ju ti àwọn yòókù lọ. Iwájú orí rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ yọ, ẹ̀rín kékeré kan tí a kò rí tẹ́lẹ̀ yọ ní igun ẹnu rẹ̀. Obìnrin náà sún mọ́ ọn títí èémí rẹ̀ fi ń kan gíláàsì.

Ó ní, “Ó jọ Bàbá wa jù wá lọ.”

Mo ní kó dúró kí n rí i bóyá ìnkì yóò tó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.