Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tò

Nílé wa ní Oǹdó, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni iwe adìẹ. Láti kékeré ni mo ti ń wo iwe yẹn lórí àwo rẹ̀, ó sì máa ń wù mí jẹ.

Nígbà tí àwa méjèèjì wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ eré-ìje ní Àkúrẹ́, níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó ra odindi kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń dán gbinrin. Èmi náà dé ìsọ̀ tó ti rà á, mo gun oríṣiríṣi wò, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Ẹni kúkúrú ni mí, àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ ọ̀hún lókè òkun ò rò tèmi mọ́ ọn. Ni mo bá ní n ó to tèmi fúnra mi. Mo rí férémù kékeré ní Àkúrẹ́, mo rí táyà àti jíà ní Oǹdó, ọwọ́ rẹ̀ sì wá láti ara kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la kúkú fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. "Bí o bá gun jákujàku yìí dé ọ̀dọ̀ Màmá ní Oǹdó láìwọ mọ́tò, ìwọ lo máa jẹ iwe adìẹ Ìkórè."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó ku ọ̀la kí Ìkórè pé, a gbéra. Kí a tó dé Òwènà, ó ti fi mí sílẹ̀. Àmọ́ lórí òkè kan níwájú, mo bá a lẹ́bàá títì. Jíà rẹ̀ ò wọlé mọ́, kò sì mọ ibi tí yóò fọwọ́ kàn. Ó wù mí kí n kọjá, Ọlọ́run mọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yọ sípánà, mo fa wáyà jíà náà le. Mo ti tú tèmi palẹ̀ tí mo tún un tò títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n.

"Ẹ gùn ún wò."

Jíà wọlé. Síbẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà Màmá. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ oyè.

Lẹ́yìn ìsìn Ìkórè, Màmá gbé iwe sórí àwo ẹ̀gbọ́n mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú un, ó gbé e sórí tèmi.

"Kí ló dé?" ni Màmá bi í.

"Ó ti di tiẹ̀, Màmá."

Iwe náà le, kò sì dùn tó bí mo ṣe ń rò ó láti kékeré. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ìka mi lójú gbogbo wọn.