Àwọn Tó Kọ́kọ́ Dé Ìdí Ọgbẹ́ Mi

Òórùn tòmátì tó ti ń bàjẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòsí láàárọ̀, bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ bọ̀ láti ìhà ọjà Mile 12. Tó bá yá, òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ àti ti áyọ́ọ̀nù eléèédú á bò ó mọ́lẹ̀. Láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù ni mò ń wí yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ni, ẹ̀rọ kan péré ni mo ní, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo sì ń rán jù.

Ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, ọkàn mi ò sí lára ohun tí mò ń rán, ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bá gún ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò mi, ó sì kán síbẹ̀. Mo fi ẹ̀mú fà á yọ, mo fomi ṣàn án, mo padà sídìí iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì ìka náà pọ́n, lọ́jọ́ kẹta ó wú, nígbà tó sì di àárọ̀ Sátidé, ó ti gbóná, ó ń sọ kì, kì, kì, bíi pé ọkàn mi ti sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi. Aránṣọ tí wọ́n bá gé ìka rẹ̀, kí ló kù tó máa fi jẹun? Ọkùnrin tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní kí n tú kápúsù, kí n da ẹ̀tù inú rẹ̀ sójú ọgbẹ́ náà, kí n sì fi aṣọ dì í pinpin.

Mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ti ń tú kápúsù náà, nígbà tí obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi jáde. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kétu, Aunty Tíṣà ni gbogbo ilé sì ń pè wọ́n. Kí n sọ òtítọ́ fún ẹ, mo máa ń yẹra fún wọn. Kíláàsì kẹta ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú tí mo lọ kọ́ṣẹ́, bí mo bá sì ti wà níwájú ẹni tó kàwé, ẹnu mi á wúwo.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. "Má da nǹkan kan sí i. Jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn."

"Aunty, ìka yìí ti fẹ́ bàjẹ́. Ẹ wo bó ṣe gbóná."

"Ara ẹ ló ń jà. Àmọ́ ó yẹ ká ràn án lọ́wọ́."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì la ojú ọgbẹ́ náà díẹ̀, ọyún tú jáde, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n sì fún mi lóògùn tí màá lò tán. Aunty Tíṣà tọrọ ẹ̀kán ọyún náà, wọ́n fi ra ojú gíláàsì pẹlẹbẹ kan. Wọ́n bi mí bóyá màá fẹ́ rí àwọn tó ń jà fún mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ mo tẹ̀ lé wọn.

A lọ sí ilé ìwé wọn ní Kétu. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀, torí Sátidé ni. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe sáyẹ́ǹsì, Aunty Tíṣà kán aró búlúù sórí gíláàsì náà, wọ́n fomi ṣàn án, wọ́n tì í sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fojú wo inú rẹ̀, irun ìpéǹpéjú ara mi nìkan ni mo rí. Wọ́n yí nǹkan kan díẹ̀díẹ̀, mo sì rí wọn lójijì: àwọn nǹkan róbótó tó pọ̀ lọ súà, tí àmì búlúù wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

"Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ẹ nìyẹn," ni Aunty Tíṣà wí. "Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti kú. Òkú wọn ló pọ̀ jù nínú ọyún yẹn."

Ohun tí mo fi ìríra wò nígbà tó tú jáde, òkú àwọn tó jà fún mi ni.

"Ta ló sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ gún mi?"

Wọ́n fa àga sún mọ́ mi. Wọ́n ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lábẹ́ awọ ara tí kì í kúrò níbẹ̀, tí wọ́n ní ohun tó dà bí ọwọ́ tí wọ́n fi ń kan ohunkóhun tó bá wọlé. Awọ tó bo kòkòrò àrùn, ohun tí wọ́n fi hun ún ò sí lára èèyàn rárá. Bí ọwọ́ yẹn bá ti kàn án, wọ́n á mọ̀ pé àjèjì ni, wọ́n á sì tú ohun tó ń pe àwọn yòókù jáde. Ìpè yẹn ló fa ooru, òun ló mú kí ìka mi wú.

"Bí mo ṣe ń fọwọ́ pa aṣọ nìyẹn," ni mo wí. "Mi ò tíì wò ó, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe òwú."

Aunty Tíṣà wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa bírò yọ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. "Màá sọ ọ́ fáwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ẹnu mi ò wúwo mọ́. Mo béèrè nípa kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì nìyẹn, pé inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ló máa ń wọ̀ lọ, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì náà ní ẹ̀ṣọ́ nínú, tó máa ń dá ìlànà àjèjì tí fáírọ́ọ̀sì gbé wọlé láti fi bí irú ara rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti kó o á ránṣẹ́ sáwọn tó wà nítòsí kí wọ́n múra, kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá máa kú.

"Ta ló kọ́ wọn, Aunty?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Wọ́n bí wọn mọ́ ẹ ni. Àwọn mìíràn wà tó máa ń kọ́ nípa àrùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan. Àwọn wọ̀nyí kì í dúró."

Ìka mi san. Mo lo oògùn náà tán, mo sì padà sídìí ẹ̀rọ. Ìyanu ńlá ló jẹ́ fún mi, ó sì ṣì jẹ́ ẹ títí dòní, pé ìrora tí mo rò pé ìbàjẹ́ ni, àwọn kan ló wà nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọjọ́ yẹn ṣe fún mi ju ìyẹn lọ. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ibà mú ọmọ mi, a sì wà níwájú dókítà kan ní Gbàgádà. Mo bi í bóyá ara ọmọ náà ló ń pe àwọn tó ń jà fún un, àti ohun tí oògùn tó ń kọ fún wa máa ṣe sí ìpè náà. Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

"Mummy, ṣé nọ́ọ̀sì ni yín ni?"

"Rárá," ni mo wí, mi ò sì wolẹ̀. "Aránṣọ ni mí. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."