Ìyá Ọkọ Mi Ká Mi Mọ́ Ibi Tí Mo Ti Ń Gún Ọmọ Wọn Níka

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pè mí ní àjẹ́ nínú ilé mi lónìí!

Àtọ̀gbẹ ń ṣe ọkọ mi. Bó ṣe jẹ iyán tán, mo gún un níka, mo kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà tó ń yí àwọ̀ padà bí ṣúgà bá pọ̀ lára. Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe ti Ìdòfin wọlé dé.

"Ìyàwó, kí lo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣe?"

Mo wojú ọkọ mi, kó ṣàlàyé.

"Ẹ má bínú, Màmá," ló sọ. Kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn.

Màmá já bébà náà gbà, wọ́n jù ú síná. Mo ní ká tún un ṣe, ọkọ mi kọ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n sọ fún Màmá fúnra mi?